Bí A Ṣe Ń Kó Àwòrán Títẹ̀ Jọ Sílé

Pálọ̀ tí ògiri rẹ̀ ṣófo kò wọ́pọ̀ ní Ṣakí. Ẹ wọlé kí èèyàn, ẹ ó rí kàlẹ́ńdà ìjọ, ẹ ó rí álímánáàkì ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí wọ́n to àwòrán àwọn olóyè yí Òkèrè ká, ẹ ó rí fọ́tò baba onílé lọ́dún tó ti Mẹ́kà dé, àti ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Poli Òkè-Ògùn. A fẹ́ kí ògiri ilé wa máa sọ irú ẹni tí a jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò jìnnà sí àṣà yẹn. Ẹni tó ń gba owó oṣù tíṣà, tàbí tó ń ta iṣu lọ́jà, lè fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà wa gan-an kọ́ ògiri, kó sì tọ́jú rẹ̀ títí tí ọmọ yóò fi jogún rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọlọ́rọ̀ Èkó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí oníṣẹ́ ọnà bá fi ọ̀dà ya àwòrán sórí kańfáàsì, ẹyọ kan ṣoṣo náà ni. Gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta, orí ẹnì kan tó bá rà á ló máa já lé. Àwòrán títẹ̀ yàtọ̀. Oníṣẹ́ ọnà á fín àwòrán sára pákó, tàbí líno, tàbí irin pẹlẹbẹ, á fi yíǹkì sí i, á tẹ bébà mọ́ ọn, á sì rọra ká bébà náà kúrò. Ohun tó wà lára bébà yẹn ni iṣẹ́ náà. Nítorí rẹ̀ ló ṣe fín irin. Irin náà kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri. Á tún fi yíǹkì sí i, á tún tẹ òmíràn. Bó bá tẹ 50, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo 50 náà, kò sí ojúlówó kan níbì kan tí wọ́n jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀. Owó iṣẹ́ wá pín sórí àádọ́ta èèyàn, ibẹ̀ sì ni àǹfààní ti wá fún ẹni tí àpò rẹ̀ ò jìn.

Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ wa mọ èyí tipẹ́. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin ló ń gé àpẹẹrẹ sára páànù. Àwọn obìnrin á tẹ́ páànù náà lé aṣọ funfun, wọn á fi ẹ̀kọ láfún kun ojú ihò rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ aṣọ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ̀ ọ́. Nígbà tí George Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, pé ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935, wọ́n gé àwòrán òun àti olorì rẹ̀ sí páànù, wọ́n sì pe aṣọ náà ní Olọ́ba. Obìnrin tó ra Olọ́ba lọ́jà kò bèèrè bóyá tòun ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ láró. Ohun tó wò ni bóyá etí ọnà náà mú, bóyá aró rẹ̀ jinlẹ̀. Ojú tí ó yẹ ká fi wo àwòrán títẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ àwòrán pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ mẹ́ta dáadáa kò ní ṣi ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀.

Èyí tó rọrùn jù ni líno àti pákó. Líno ni ìtẹ́lẹ̀ ilé àtijọ́ tí wọ́n fi òróró àti èèpo igi lílọ̀ ṣe. Ọ̀bẹ ń wọ̀ ọ́ dáadáa. Ibi tí ọ̀bẹ bá gbẹ́ kúrò yóò funfun lórí bébà, ibi tó bá ṣẹ́kù ni yóò gba yíǹkì. Òdìkejì ni àwòrán máa ń jáde: ọwọ́ ọ̀tún á di òsì, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ orúkọ sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn-sẹ́yìn. Kò pọn dandan kí ó ní ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn ṣíbí onígi tó dán tó láti fi ra ẹ̀yìn bébà títí yíǹkì yóò fi mú. Nítorí pé ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀, òun ló gbilẹ̀ ní Òṣogbo. Ní 1962, ilé ọtí Dúró Ládípọ̀, òṣèré tíátà, di ibùdó ọnà tí wọ́n pè ní Mbárí Mbáyọ̀, Ulli Beier, ará Jámánì, sì pe Denis Williams, ọmọ Guyana, wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́. Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ yọjú. Ní 1964, Georgina Beier darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orúkọ Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì ará Ìràgbìjí, Adébísí Fábùnmi àti Jímọ̀ Bùráímọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò dé ilé ẹ̀kọ́ ọnà rí. Òṣèré tíátà àti onílù wà láàárín wọn. Ẹ wo líno Òṣogbo ìgbà yẹn: dúdú rẹ̀ kì, èèyàn, ẹyẹ àti òrìṣà há mọ́ ara wọn, kò sí àlàfo tí wọ́n fi ṣòfò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ àwòrán aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà létí títì lọ, nítorí pé ọ̀bẹ kì í gba àṣìṣe mọ́ra. Ilà tí ẹ bá rí níbẹ̀, ẹnì kan ló dá a lójú kó tó gé e.

Ọ̀nà kejì ni fífi ásíìdì fín irin, ó sì le jùyẹn lọ. Wọ́n á fi ìda bo irin síńkì tàbí bàbà, oníṣẹ́ ọnà á fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sójú ìda náà títí yóò fi kan irin. Bí wọ́n bá rì í sínú ásíìdì, ásíìdì á jẹ ibi tí abẹ́rẹ́ ti là, kò ní lè jẹ ibi tí ìda bò. Wọ́n á yọ ìda kúrò, wọ́n á fi yíǹkì kún ojú ilà, wọ́n á nu òkè irin mọ́. Bébà tí wọ́n ti fi omi rẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n á tẹ́ lé e, rólà irin ńlá á sì gun un kọjá. Ipá rólà yìí ló ń ti bébà wọ inú ilà lọ láti gbé yíǹkì jáde. Òun náà ló fi àmì sílẹ̀ tí ẹ ó máa wá: etí irin máa ń tẹ̀ wọ bébà, ó sì fi igun mẹ́rin tó rì díẹ̀ yí àwòrán ká. Ru van Rossem, ará Nẹ́dálándì, ló kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ní ọ̀nà yìí ní Ìbàdàn àti Òṣogbo ní nǹkan bí 1963 sí 1964. Twins Seven-Seven gbà á, ilà rẹ̀ wá ń rìn bí ìtàn àwọn ẹ̀mí inú igbó tó ń sọ.

Ẹni tó gbé e dé ibi tí ẹlòmíràn kò gbé e dé ni Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo tí wọ́n bí ní 1932, tó kàwé ní Zaria, tó sì kọ́ ọmọ ilé ìwé ní St Gregory's College l'Ékòó láti 1963 dé 1980. Òun ló ya àwòrán inú ìwé Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ní 1967, ásíìdì ba irin rẹ̀ jẹ́. Kò sọ irin náà nù. Ó fi gọ́ọ̀mù dí i, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì rí i pé ohun tó jáde wú lórí bébà, ó ní ìjìnlẹ̀ tí irin lásán kò ní. Láti inú èyí ló ti gbé ọ̀nà tirẹ̀ jáde, tó pè ní plastograph. Ẹ wò ó bí ẹ bá ráyè dé ibi tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ sí: ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ ó rí i pé bébà náà ní òkè àti kòtò.

Ọ̀nà kẹta, gbogbo wa ló mọ ọ́n láìmọ̀. Àpò tí wọ́n ń pín lóde ìnáwó àti ṣẹ́ẹ̀tì ìpolongo ìdìbò: ojú aṣọ tínrín tí wọ́n nà mọ́ férémù ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n. Wọ́n á dí ibi tí wọn kò fẹ́ kí yíǹkì gbà, wọ́n á fi pátákó onírọ́bà wọ́ yíǹkì kọjá ibi tó ṣí. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní férémù tirẹ̀. Oníṣẹ́ ọnà tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi àwọ̀ mẹ́wàá lé ara wọn kí àwòrán tó pé. Ti òkúta náà wà, èyí tí Senefelder bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, tó dúró lé orí pé omi àti òróró kì í bára ṣe. Ẹ kò ní rí i púpọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe fọ́tò iṣẹ́? Ẹ yá awò tó ń mú nǹkan tóbi, irú èyí táwọn alágogo fi ń tún aago ọwọ́ ṣe. Ẹ fi wo àwọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tóótòótó, àwọ̀ búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú tó to ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló tẹ̀ ẹ́ láti ara fọ́tò. Kàlẹ́ńdà nìyẹn, bó ti wù kó dán tó. Yíǹkì tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ máa ń kún ojú bébà, etí líno a máa gbé yíǹkì tó nípọn díẹ̀, ti irin a sì ní igun tó rì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ àwòrán. Pẹ́ńsùlù ni oníṣẹ́ ọnà fi ń kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ àti nọ́ńbà bíi 7/50. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èyí ni ìkeje nínú 50, kò sì ní tẹ ju 50 lọ. A/P dúró fún àwọn díẹ̀ tí oníṣẹ́ ọnà yọ sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀. Kò sí ìdí láti sanwó jù nítorí pé nọ́ńbà yín jẹ́ 1. Ohun tó ń gbé owó lọ sókè ni bí àpapọ̀ rẹ̀ ṣe kéré tó. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán, tí ẹ̀rọ sì ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Iṣẹ́ nìyẹn náà, bí wọ́n bá sọ bó ṣe jẹ́, tí wọ́n fi iye tí wọ́n tẹ̀ hàn, tí owó rẹ̀ sì bá a mu. Ohun tí kò dáa ni kí wọ́n fọ́tò àwòrán ọlọ́dà, kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sí i, kí wọ́n tà á fún yín bíi pé ọwọ́ ló fín in.

Kí la máa kó jọ? Ìtàn tọkọtaya kan ní New York ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí. Herbert Vogel ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, Dorothy ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé. Owó oṣù ìyàwó ni wọ́n ń jẹ, ti ọkọ ni wọ́n fi ń ra iṣẹ́ ọnà. Ilé wọn kò ju yàrá kan àti pálọ̀ lọ, nítorí náà wọn kì í ra ohun tí owó wọn kò ká tàbí tí ilé wọn kò gbà. Iṣẹ́ tí wọ́n kó jọ lé ní 4,000, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o fún ilé ìṣúra ọnà ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington ní 1992. Nílé wa níbí, Ọmọọba Yẹmisí Shyllon bẹ̀rẹ̀ sí í ra iṣẹ́ ọnà nígbà tó ń kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Musíọ̀mù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣí ní Pan-Atlantic University, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ní 2019. Àwọn Vogel ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí jù, nítorí bí wọ́n ṣe ń fi owó díẹ̀ ra nǹkan lóṣooṣù ni ọ̀pọ̀ wa lè ṣe.

Ẹ yan okùn kan tí ẹ ó máa tẹ̀lé. Ó lè jẹ́ ọdẹ àti igbó, ó lè jẹ́ ọjà, ó lè jẹ́ líno nìkan, dúdú àti funfun. Bí ẹ bá ní mẹ́fà tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó sàn ju ogún tí olúkúlùkù ń pariwo tirẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà tí orúkọ wọn ti dé òkè òkun, owó wọn ti ga. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí. LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ẹ̀ka tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, Ifẹ̀ ní, Yaba College of Technology ní, Auchi náà ní. Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde máa ń pàtẹ iṣẹ́ wọn, inú wọn sì máa ń dùn sí ẹni tó bá fẹ́ rà. Ní Agbarha-Otor, ní Ìpínlẹ̀ Delta, Onobrakpeya dá ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Harmattan sílẹ̀ ní 1998. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ àwòrán lónìí ti gba ibẹ̀ kọjá. Fún ará Ṣakí, ọ̀nà jìn: Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́, kí a tó dé Òṣogbo. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba tíṣà mẹ́rin márùn-ún nímọ̀ràn pé kí wọ́n jọ dá èésú fún un. Ẹni tí èésú bá kàn ni yóò lọ rà, yóò sì bá àwọn yòókù wò ó. Kí ẹ tó rà, ẹ béèrè irú bébà tó jẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọnà. Bébà tí wọ́n fi òwú ṣe máa ń pẹ́ gan-an. Èyí tí wọ́n fi igi ṣe lásán, irú ti ìwé ìròyìn, á pọ́n, á sì máa ṣẹ́.

Títọ́jú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ló wá lẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Oòrùn Òkè-Ògùn ń jẹ àwọ̀, òjò ń mú ọ̀rinrin wọ ilé, ọyẹ́ ń gbé eruku wá, ikán kò sì sinmi nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ má fi àwòrán kọ́ ibi tí oòrùn àárọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́ ń tàn sí tààrà. Ògiri àárín ilé ló dáa jù, kì í ṣe ògiri tí òjò ń lù láti ìta. Bó bá lè ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí àwòrán máa gba ìsinmi: kí ó wà lára ògiri fún oṣù mélòó kan, kí ẹ ká a sínú àpótí, kí ẹ gbé òmíràn síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni làmíńéètì rẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí a ń ṣe fún ìwé ẹ̀rí nìyẹn, ṣùgbọ́n iná ẹ̀rọ yẹn á lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, kò sì ní ṣeé yọ mọ́, iṣẹ́ náà sì ti tán nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn onífọ́tò tó máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ fọ́tò mọ́ pákó. Ó dáa fún fọ́tò ìgbéyàwó tí ẹ lè tún fọ̀. Kò dáa fún bébà tí àádọ́ta péré rẹ̀ wà láyé. Sẹ́lótéèpù á pọ́n, á sì fi àbàwọ́n sílẹ̀ títí láé.

Bí wọ́n ṣe ń fi sínú férémù nìyí. Ẹ ra káàdì líle funfun méjì. Ẹ gé ojú wíńdò sára ọ̀kan, kí àwòrán máa yọ níbẹ̀. Èkejì á wà lẹ́yìn. Ẹ fi bébà tó mọ́ ṣe àpò kékeré onígun mẹ́ta mẹ́rin, ẹ lẹ àwọn àpò náà mọ́ káàdì ẹ̀yìn, kí ẹ sì ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán bọ inú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni gọ́ọ̀mù kankan kò fi ní kan àwòrán fúnra rẹ̀. Káàdì olójú wíńdò yìí ni yóò gba àárín gíláàsì àti àwòrán, torí pé lákòókò òjò, bébà tó bá fara kan gíláàsì lè lẹ̀ mọ́ ọn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Fún férémù, igi apá tàbí ìrókò ń gba ikán dúró ju igi fúyẹ́fúyẹ́ lọ. Èmi fẹ́ràn kí ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe wíńdò alumíníọ̀mù. Wọ́n lè gé férémù tó gún régé, ikán kò sì ní í rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ẹ lẹ ìdérí ìgò onírọ́bà kékeré mọ́ igun ẹ̀yìn férémù, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín òun àti ògiri. Nígbà òjò, ẹ máa gbé e wò lẹ́yìn lọ́sẹ̀ méjì méjì, pàápàá bó bá jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì bò. Ẹ̀yìn férémù ni ikán máa ń fi ṣe ọ̀nà gun òkè àjà, ẹ sì lè má mọ̀ títí yóò fi dé iwájú.

Èyí tí kò bá sí lára ògiri, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja nínú àpótí, ẹ má ká a bí ẹní. Ẹ fi bébà funfun sáàárín wọn, kì í ṣe ìwé ìròyìn, nítorí pé ìwé ìròyìn á fi àwọ̀ rẹ̀ pa wọ́n lára. Kí àpótí wà lórí nǹkan tó ga kúrò nílẹ̀, kí káńfọ̀ wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n kó má kan bébà. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gbé e, kí ó sì gbẹ.

Ẹ ra ìwé ńlá kan fún àkọsílẹ̀. Orúkọ oníṣẹ́ ọnà, orúkọ iṣẹ́, ọdún, ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà rẹ̀, bó ti gùn tó àti bó ti fẹ̀ tó, ibi tí ẹ ti rà á, iye tí ẹ san. Ẹ so rìsíìtì mọ́ ọn. Bí oníṣẹ́ ọnà bá sọ ìtàn iṣẹ́ náà fún yín, ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó sùn, torí pé lẹ́yìn ogún ọdún, ìwé yìí ni yóò jẹ́ kí ọmọ yín mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ó sì ń bí ìjà lọ́pọ̀ ìgbà. Bébà lẹ rà, ẹ kò ra ẹ̀tọ́ láti tún àwòrán náà tẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2022, ẹ̀tọ́ yẹn wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọnà jálẹ̀ ayé rẹ̀, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn ajogún rẹ̀ fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ lè tà á, ẹ lè fi tọrẹ, ẹ lè fi kọ́ pálọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi í ṣe kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sára àpò ìnáwó ìyá yín, ẹ pe oníṣẹ́ ọnà náà lórí fóònù kọ́kọ́, kí ẹ jọ sọ iye rẹ̀, kí ó sì fún yín ní ìwé àṣẹ.